Pọ́n-ùn Mẹ́ta: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Kan tí Ó Gúnlẹ̀ sí Etí Ọ̀sà Wa

Ohun tí a gbé wá síwájú yín lónìí kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ń lò. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ìyá wa ni. Pọ́n-ùn ni. Kò sí àgbàlagbà nínú wa tí kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ìwọ̀nba ni ẹni tí ó mọ ibi tí ó ti wá, àti pé kì í ṣe ibì kan ni ó ti wá, bí kò ṣe ibi mẹ́ta.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé eré ọmọdé ni irú ìwádìí báyìí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ní ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àlùfáà, ní ìlú kan tí a kì yóò dárúkọ, bàbá àgbàlagbà kan nínú ìjọ mú ìwé kan tọ̀ wá wá. Ewúrẹ́ rẹ̀ méjì ni ó ti sọnù láti ọjọ́ márùn-ún. Ìwé náà ti ọ́fíìsì ìjọba wá, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wí pé ewúrẹ́ méjì tí a rí ní ojú títì wà nínú ‘pound’. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé-ìwé ti ka ìwé náà fún un, ó sì ti túmọ̀ rẹ̀ pé wọ́n ti sọ ewúrẹ́ náà di pọ́n-ùn, èyíinì ni pé wọ́n ti tà wọ́n, wọ́n sì ti kó owó wọn jẹ. Inú bàbá náà ru. Ó ní bí òun bá tún dé ọ́fíìsì náà, ìjà ni òun bá lọ.

Nígbà tí a ka ìwé náà, a rí i pé ohun tí ó wà níbẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ewúrẹ́ náà wà láàyè, nínú ọgbà tí a ń há ẹran tí ó bá ń rìn kiri mọ́. Ẹni tí ó ni wọ́n ní láti wá san owó ìtanràn kí ọjọ́ méje tó pé. Bí kò bá wá, a ó tà wọ́n ní gbàǹjo. Ọjọ́ méjì péré ni ó kù. Bàbá náà lọ, ó san owó náà, ó sì fa ẹran rẹ̀ wálé. Ọmọ náà kò purọ́. Ó mọ pọ́n-ùn kan. Kò mọ̀ pé òmíràn wà. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ wá lọ́kàn, tí a sì ti ń wá ìdí rẹ̀.

Ọ̀nà Méjì tí Ọ̀rọ̀ Kan Fi Ń Ní Ìtumọ̀ Púpọ̀

Kí a tó lọ sí ilẹ̀ òyìnbó, ẹ jẹ́ kí a wo ilé ná. Ní èdè wa, bí ènìyàn bá kọ lẹ́tà mẹ́ta náà, i, gb, a, láìfi àmì sí wọn lórí, ta ni yóò mọ ohun tí ó ń wí? Ṣé igbá tí a fi ń bu omi ni, tàbí igba tí í ṣe iye, tàbí ìgbà tí í ṣe àkókò, tàbí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ? Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n, wọn kì í sì í ṣe ìbátan ara wọn; ìwé tí kò ní àmì ni ó kó wọn sínú àpò kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà ‘ojú’. A ní ojú ènìyàn, a ní ojú ọ̀nà, a ní ojú omi, a ní ojú idà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin kọ́ ni èyí. Ọ̀rọ̀ kan ni, tí ó yọ ẹ̀ka.

Nítorí náà ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ fi ń ní ìtumọ̀ púpọ̀. Ọ̀nà kìn-ín-ní dà bí igi: gbòǹgbò kan, ẹ̀ka púpọ̀. Ọ̀nà kejì dà bí ọ̀sà tí ó wà níwájú wa yìí. Odò Yewa ń ti òkè wá, àwọn odò kéékèèké mìíràn ń ti ibòmíràn wá, gbogbo wọn sì ń dà sínú omi kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá bu igbá kan ní etí ọ̀sà kò lè sọ pé omi odò báyìí ni òun bù. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, pound, ní ọ̀nà méjèèjì nínú. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ṣàn pàdé nínú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì tún yọ ẹ̀ka tirẹ̀. Bí wọ́n ti ń tò tẹ̀ lé ara wọn nìyí: pọ́n-ùn ti ìwọ̀n, pọ́n-ùn ti ọgbà, àti pọ́n-ùn ti gígún.

Pọ́n-ùn ti Ìwọ̀n

Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní libra. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nǹkan kan wọ̀n tó bẹ́ẹ̀, wọn a wí pé libra pondo; ìtumọ̀ pondo sì ni ‘ní wíwúwo’. Àwọn ẹ̀yà àríwá Yúróòpù, tí í ṣe baba ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Jámánì, ń bá wọn ṣòwò. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tí ó gbẹ̀yìn ni wọ́n mú lọ sílé. Ó dà bí ìgbà tí àlejò kan bá gbọ́ tí a ń wí ní ọjà pé ‘igbá gàrí kan’, tí ó sì rò pé gàrí ni orúkọ òṣùwọ̀n náà, tí ó fi igbá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni pondo ṣe di pund, tí pund sì di pound.

Ṣùgbọ́n àwọn akọ̀wé tí ń fi èdè Látìnì kọ̀wé kò fi libra sílẹ̀. Ìdí nìyí tí òyìnbó fi ń kọ lb nígbà tí ẹnu rẹ̀ ń pe pound. Ìdí kan náà ni àmì owó náà, £, fi jẹ́ lẹ́tà L tí a fa ìlà sí láàárín. Ẹnu ń pe ọ̀kan, ọwọ́ ń kọ èkejì, wọ́n sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún wá.

Àwọn Faransé ní tiwọn mú libra fúnra rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di livre. Àwọn aládùúgbò wa ní Àjàṣẹ́ tí ó gbọ́ èdè Faransé mọ̀ pé livre kan náà tún ni ìwé. Èyí pẹ̀lú kì í ṣe ẹ̀ka igi kan. Ìwé ti inú ọ̀rọ̀ Látìnì mìíràn wá, èyíinì ni liber, tí í ṣe èèpo inú igi, tí àwọn ará àtijọ́ ń kọ nǹkan sí. Omi méjì tún pàdé níbẹ̀. Ẹ rí i pé kì í ṣe àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí.

Kí a má sì rò pé bí a bá ti wí pé pọ́n-ùn ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn olùkọ́ ilé-ìwé máa ń bi àwọn ọmọ léèrè pé èwo ni ó wúwo jù nínú pọ́n-ùn wúrà kan àti pọ́n-ùn ìyẹ́ kan. Ọmọ tí ó yára a dáhùn pé wúrà ni. Ọmọ tí ó ronú a dáhùn pé wọ́n dọ́gba. Àwọn méjèèjì ni ó kùnà. Ìyẹ́ ni ó wúwo jù! Ìwọ̀n tí a fi ń wọn ọjà gbogbo, tí wọ́n pín sí owúǹsì 16, jẹ́ ẹyọ ọkà 7,000 ní wíwúwo. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, tí wọ́n pín sí owúǹsì 12, jẹ́ ẹyọ ọkà 5,760 péré. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ nínú ọjà kan náà, títí di ìgbà tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1878 fi fòpin sí èyí tí ó kéré. Ẹni tí kò bá béèrè pé ‘pọ́n-ùn wo?’ lè jẹ gbèsè tí kò mọ̀.

Láti inú ìwọ̀n ni owó ti wá. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹjọ, Ọba Charlemagne ti àwọn Faranki pàṣẹ pé kí a máa rọ owó fàdákà 240 láti inú pọ́n-ùn fàdákà kan. Àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìṣirò náà. Kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ kọ́bọ̀ 240. Nígbà náà, ẹni tí ó bá ní pọ́n-ùn kan lè gbé e lé orí ìwọ̀n, kí ó sì rí i pé pọ́n-ùn ni ní tòótọ́. Orúkọ àti wíwúwo dọ́gba.

Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọba bẹ̀rẹ̀ sí í dín fàdákà inú owó wọn kù. Nígbà tí ó di ọdún 1816, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wí pé kí a máa rọ ṣílè 66 láti inú pọ́n-ùn fàdákà kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí ṣílè 20 bá jẹ́ pọ́n-ùn owó, a jẹ́ pé pọ́n-ùn owó náà kò tó ìdá mẹ́ta pọ́n-ùn fàdákà mọ́. Ní ọdún 1920 wọ́n dín fàdákà inú owó wọn kù sí ìdajì. Ní ọdún 1947 wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá nínú owó tí ará ìlú ń ná. Orúkọ náà dúró, ìwọ̀n náà lọ. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí orí rẹ̀.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kan nínú Ìwé Mímọ́ hàn yín, níwọ̀n bí púpọ̀ nínú yín ti ń fi Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì wé ti Yorùbá. Nínú Ìhìn Rere Lúùkù, orí 19, ọlọ́lá kan fún àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní owó láti fi ṣòwò; Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 pe owó náà ní pound. Nínú Ìhìn Rere Jòhánù, orí 12, Màríà mú òróró olóòórùn dídùn wá. Bíbélì kan náà pe ìwọ̀n òróró náà ní pound pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ka Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè rò pé ohun kan ni. Ṣùgbọ́n nínú èdè Gíríìkì tí a fi kọ Májẹ̀mú Titun, ti Lúùkù ni mínà, tí í ṣe ọgọ́rùn-ún owó fàdákà dírákímà. Ti Jòhánù sì ni lítírà, tí í ṣe ìwọ̀n àwọn ará Róòmù. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa fi mínà sílẹ̀ bí ó ti wà nínú Lúùkù, wọn kò sọ ọ́ di pọ́n-ùn. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe é. Bí wọ́n bá ti pè é ní pọ́n-ùn, ìtumọ̀ rẹ̀ ì bá ti máa yí padà bí owó òyìnbó ti ń yí padà.

Pọ́n-ùn ti Ọgbà

Èyí ni ti ewúrẹ́ bàbá wa. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó túmọ̀ sí ibi tí a sé mọ́. Kì í ṣe ọmọ pondo ti Róòmù, bí ó tilẹ̀ jọ ọ́ ní ojú àti ní ohùn. Ní ìlú kéékèèké ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un, wọ́n ń fi òkúta tàbí igi kọ́ ọgbà kan sí ìgboro. Bí màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ẹnìkan bá ya wọ oko ẹlòmíràn, wọn a mú un, wọn a há a mọ́ ọgbà náà, títí olówó rẹ̀ yóò fi wá san ohun tí ẹran rẹ̀ bàjẹ́. Ọkùnrin kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ ibẹ̀. Ẹni tí ó bá fọ́ ọgbà náà láti jí ẹran tirẹ̀ gbé jáde, arúfin ni, bí ẹran náà tilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Kì í ṣe ẹran tí ó ṣìnà nìkan. Bí àgbẹ̀ bá jẹ owó ilẹ̀, ẹni tí ó ni ilẹ̀ lè mú màlúù rẹ̀, kí ó sì há a mọ́ ọgbà náà títí yóò fi san án. Èyí kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa, tí wọ́n mọ ológò tí ń jókòó ti ilé onígbèsè títí gbèsè yóò fi tán. Níbẹ̀ ni pọ́n-ùn méjèèjì ti pàdé ní ojúkojú: onígbèsè ń san pọ́n-ùn kí ẹran rẹ̀ lè jáde nínú pọ́n-ùn. Kò yà wá lẹ́nu pé ọmọ ilé-ìwé kan ṣì wọ́n mú. Ní òde òní pẹ̀lú, ọkọ̀ tí ó bá rú òfin ìrìnnà ni a ń wọ́ lọ sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni òyìnbó sì ń pè é.

Ẹ̀ka kan sì ti ara ọ̀rọ̀ yìí yọ tí yóò dùn mọ́ àwọn apẹja tí ó wà níbí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà pond, tí í ṣe adágún omi, pound yìí kan náà ni, tí wọ́n yí ohùn rẹ̀ padà díẹ̀: omi tí a sé mọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sé ẹran mọ́. Àwọn apẹja òyìnbó pẹ̀lú ní àwọ̀n kan tí wọ́n fi ọ̀pá kàn mọ́ ilẹ̀ omi, tí ẹja ń wọ̀ tí kò sì mọ ọ̀nà àtijáde. Pound ni wọ́n fi ń pè é. Ní ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ní ọ̀sà Nokoué, àwọn apẹja ń gún ẹ̀ka igi sínú omi tí kò jìn, kí ẹja lè wá fi ibẹ̀ ṣe ilé kí wọ́n sì bí síbẹ̀. Akaja ni wọ́n ń pè é. Bí Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rúndún 13 kan bá rí akaja, kì yóò béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Yóò fi ọ̀rọ̀ yìí pè é.

Láti inú ọgbà yìí náà ni orúkọ ìdílé kan ti wá, fún àwọn tí ilé wọn wà lẹ́bàá rẹ̀. Ẹnìkan nínú àwọn tí ń jẹ́ orúkọ náà yẹ kí ìjọ mọ̀. John Pounds ni, tí a bí ní Portsmouth ní ọdún 1766. Ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ó ṣubú sínú ihò tí a ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, ó sì di arọ. Ó kọ́ iṣẹ́ bàtà títúnṣe. Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré rẹ̀ ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní ìwé kíkà láìgba owó, títí ó fi kú ní ọdún 1839. Àwọn tí ó dá ilé-ìwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ aláìní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn rẹ̀ ka á sí àwòkọ́ṣe. Orúkọ rẹ̀ jọ orúkọ owó, ṣùgbọ́n kò gba owó.

Pọ́n-ùn ti Gígún

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ìyá wa ń fi odó àti ọmọrí odó ṣe. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, punian ni gígún, èyíinì ni kí a fọ́ nǹkan di wẹ́wẹ́. Àwọn ará Họ́láńdì ní ìbátan ọ̀rọ̀ náà nínú èdè tiwọn, tí ó túmọ̀ sí àfọ́kù òkúta. Bí ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó gbọ́ pé kò sí d ní ìparí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi í kún un ní ìgbẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi kún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ìró, sound, èyí tí ó jẹ́ soun tẹ́lẹ̀ rí. Kí a má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwa náà gba ọ̀rọ̀ wọn tí ó parí sí d, a sì fi ohùn tiwa kún un kí ó lè rọ̀ wá lẹ́nu, tí a fi ń wí pé búrẹ́dì. Gbogbo ènìyàn ni ń tún ọ̀rọ̀ àlejò ṣe kí ó lè wọ ilé wọn.

D kan yìí ni ó fa ìdàrúdàpọ̀ náà. Kí ó tó dé, ọ̀rọ̀ gígún yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àti ọ̀rọ̀ ọgbà. Nígbà tí ó dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ohùn kan àti ìkọ̀wé kan. Òní yìí, bí òyìnbó bá pe iyán wa ní iṣu tí a gún, ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń lò. A kò sì ní bínú bí ọmọdé kan bá rò pé iṣu tí a fi ìwọ̀n tà ni ó ń wí.

Bí Pọ́n-ùn Ti Dé Etíkun Wa

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a bá ọ̀rọ̀ náà wọ ọkọ̀ wá sí ilé. Kí pọ́n-ùn tó dé Àgbádárìgì, Ajido àti Ìworo, owó ẹyọ ni owó wa. Láti erékùṣù Maldives ní òkun Íńdíà ni ó ti wá, nínú ọkọ̀ àwọn òyìnbó. Àwa sì mọ ohun tí wọ́n fi rà ní etíkun yìí. Ènìyàn ni wọ́n fi rà. Ogójì ni wọ́n ń sín pọ̀ lórí okùn kan. 50 okùn ni egbàá. Egbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000, ẹrù ọkùnrin alágbára kan.

Ní ọjọ́ 24 oṣù September ọdún 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Wẹ́sílì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Henry Townsend ti ìjọ wa dé ní òpin ọdún kan náà. Ní oṣù January ọdún 1845, Townsend padà wá pẹ̀lú Gollmer àti Samuel Crowther. Owó ẹyọ ni àwọn míṣọ́nárì fi ń ra oúnjẹ, òun ni wọ́n fi ń san owó àwọn òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń kọ ìṣirò ránṣẹ́ sí London, pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni owó méjì fi ń gbé inú ilé kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dun àwọn baba wa nìyí. Kí ọ̀rúndún 19 tó dé ìdajì, ní Whydah tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn wa, egbàá kan ni wọ́n ń kà sí dọ́là fàdákà kan, tí ó lé ní ṣílè mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ẹyọ mìíràn wá láti Zanzibar, tí ó tóbi jù, tí ó sì pọ̀ bí yanrìn. Owó ẹyọ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ, egbàá kan ti di sísì, ọ̀kẹ́ kan ti di ṣílè márùn-ún. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Bàbá kan tí ó kó ọ̀kẹ́ mẹ́wàá pamọ́ nígbà tí egbàá jẹ́ dọ́là, ohun tí ó lé ní 20 pọ́n-ùn ni ó fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ṣí àpótí, ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náà pé, olè kò jí ọ̀kan níbẹ̀; ṣùgbọ́n pọ́n-ùn méjì àti ṣílè mẹ́wàá ni wọ́n bá. Orúkọ pé, iye pé, ìwọ̀n lọ.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, wọ́n gba Àgbádárìgì ní ọdún 1863, pọ́n-ùn sì di owó òfin. Ọ̀kẹ́ mẹ́rin, ẹrù ọkùnrin mẹ́rin, ni ó wà nínú pọ́n-ùn kan tí ọmọdé lè dì mọ́wọ́. Ní ọdún 1912 wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí ń ṣe owó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Ní ọdún 1913 ṣílè tirẹ̀ jáde, fàdákà ni. Ní ọdún 1916 owó bébà dé. Lẹ́yìn ọdún 1920 ṣílè náà kì í ṣe fàdákà mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa gba ìṣirò náà láìpẹ́, nítorí ṣílè 20 tí ó wà nínú pọ́n-ùn bá okòó mu, ẹni tí ó sì ti ń ka nǹkan ní ogúnogún láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò ní kọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n sọ àwọn owó náà ní orúkọ: tọ́rọ́, sísì, ṣílè, àti kọ́bọ̀, tí ó wá láti inú orúkọ tí òyìnbó ń pe bàbà.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January ọdún 1973, náírà gba ipò pọ́n-ùn, náírà méjì sí pọ́n-ùn kan. A sin pọ́n-ùn ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò gbà láti kú. Àwọn àgbà ṣì wà tí ń pe náírà mẹ́wàá ní pọ́n-ùn márùn-ún. Àwọn oníṣòwò ń pe igba náírà ní àpò kan, nítorí pé ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni àpò kan láyé àtijọ́. Pọ́n-ùn yìí kò sí nínú ìwọ̀n, kò sí nínú báǹkì wa, kò sí ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹnu nìkan ni ó kù sí.

Ohun tí A Fẹ́ Kí Ẹ Mú Lọ Sílé

Àwọn àgbà wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. A kò wí pé kí gbogbo yín di onímọ̀ èdè. Ohun tí a bẹ̀ yín ni pé kí ẹ máa bi ọ̀rọ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta, bí a ti ń bi àlejò tí ó bá wọ ilé lálẹ́. Níbo ni o ti wá? Ta ni o jọ tí kì í ṣe ìbátan rẹ? Kí ni o wọ̀n nísinsìnyí, kì í ṣe lánàá?

Ẹ máa bi ìwé tí a mú wá fún yín láti tọwọ́ bọ̀, pàápàá ìwé ilẹ̀ àti ìwé gbèsè. Ẹ máa bi àdéhùn tí a kọ ní ogójì ọdún sẹ́yìn, nínú èyí tí iye owó rẹ̀ ṣì pé tí kò sì ra nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń kàwé fún àwọn òbí yín àgbà, ẹ̀yin ni ó ni iṣẹ́ náà jù, nítorí ẹnu yín ni wọ́n ń gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá bá ìyókù gbólóhùn mu, ẹ má ṣe fi ipá mú un. Ẹ wí pé ‘ẹ jẹ́ kí n béèrè’. Ìtìjú kò sí nínú ìyẹn.

Ní ti àwa tí a ń jẹ́ orúkọ Kristi, ìbéèrè kẹta náà kàn wá. Owó tí ó gbàgbé fàdákà inú rẹ̀ ṣì lè jẹ́ pọ́n-ùn fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Orúkọ a máa pẹ́ ju ìwọ̀n lọ. Kí olúkúlùkù gbé ara rẹ̀ lé orí ìwọ̀n ní ìdákẹ́jẹ́, kí ó sì wò ó.

Bàbá tí ó ni ewúrẹ́ méjì náà ti sùn nínú Olúwa. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, nígbàkígbà tí ìwé bá dé sí ilé rẹ̀, kì í jẹ́ kí ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀ ní ìkánjú. A ní ó máa ń wí fún un pé: ‘Ọmọ mi, rọra. Èwo nínú wọn ni?’